Rírọ àti Dídà: Àlàyé lórí Àtúnṣe Ẹ̀rọ Ìtẹ̀rin Ńlá Kan

1.0 Ìfáàrà

Àṣìṣe olùkọ́ kan ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí, èmi tí mo ń kọ ọ́ sì ni olùkọ́ náà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ìlú tí ó wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó bá ti gba ibẹ̀ kọjá rí yóò mọ̀ pé ìlú ọjà àti ìlú igi gẹdú ni. Ọkọ̀ tí ó gbé gẹdú ń wọlé, ọkọ̀ tí ó kó pákó ń jáde, ariwo ayùn kì í sì í jìnnà sí etí. Ní ọjọ́ kan, mo ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lórí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé wọn. Ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ní ibi ìlagi kọ gbólóhùn yìí:

(1) Wọ́n da irin náà ni, wọn kò rọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi tún sán.

Mo fi gègé pupa fagi lé 'da', mo kọ 'rọ' sí orí rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí etí ìwé pé: 'Irin ni à ń rọ, omi ni à ń dà.' Máàkì méjì ni mo yọ. Ọmọ náà wá bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Bàbá alágbẹ̀dẹ ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.' Mo ní kí ó máa lọ sí kíláàsì rẹ̀.

Ohun tí ó kọ sínú àròkọ náà nìyí ní kúkúrú. Ẹ̀rọ ìlagi bàbá rẹ̀ ní ayùn gígùn kan tí ó yí wíìlì irin ńlá méjì po bí ìgbànú. Wíìlì ti òkè sán. Ajórin kan fi iná jó o, ojú rẹ̀ sì dán. Ní ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ti ń la igi lọ́wọ́, wíìlì náà tún sán ní ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó gan-an, ayùn já, díẹ̀ ni ó sì kù kí ó bá ẹni tí ó ń ti igi. Ibi ìlagi náà dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Alágbẹ̀dẹ àgbà kan ní Àkúrẹ́ ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé dídà ni irin náà, pé kí wọ́n má ṣe jó o bí ẹni ń jó irin tí a rọ. Nígbà tí èmi fúnra mi lọ bá alágbẹ̀dẹ náà lẹ́yìn náà, ohun tí ó sọ fún mi kò pọ̀: 'Tíṣà, ọmọ yín ni ó gbà á.'

Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin rírọ irin àti dídà á, kí a sì fi ìyàtọ̀ náà ṣe àlàyé àtúnṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó tóbi jù lọ ní ayé, èyí tí ó wà ní ìlú Cleveland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀nà jìn láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ dé Cleveland, ṣùgbọ́n àìsàn kan náà ni ó ṣe wíìlì ti ibí àti ẹ̀rọ ti ọ̀hún. Ohun tí ojú lè fò nínú wíìlì ẹ̀rọ ìlagi, a óò rí i kedere nínú ẹ̀rọ tí ó ga ju ilé alájà púpọ̀ lọ. Bí a bá sì lè fi èdè Yorùbá ṣe àlàyé ti ńlá, ti kékeré kò ní í ṣòro fún wa.

2.0 Ìyàtọ̀ láàrin rọ àti dà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn:

(2) (a) Alágbẹ̀dẹ rọ ọkọ́.
(b) Alágbẹ̀dẹ rọ àdá.

(3) (a) Oníṣẹ́ idẹ da edan.
(b) Ìyá da omi sí ìkòkò.

Nínú (2), irin kò yọ́ rárá. Iná mú un títí tí ó fi pọ́n, alágbẹ̀dẹ fi ẹ̀mú mú un, ó gbé e lé owú, ó sì fi ọmọ owú lù ú títí tí ó fi gba ìrísí tí ó fẹ́. A lè ṣe àkíyèsí ohùn níhìn-ín: kí irin tó ṣeé rọ (ohùn àárín), ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ̀ (ohùn ìsàlẹ̀). Nínú (3a), nǹkan mìíràn ni ó ṣẹlẹ̀. Idẹ ti yọ́ di omi, a sì dà á sínú àyè tí a ti pèsè sílẹ̀ fún un nínú amọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀-ìṣe inú (3a) fi jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti (3b). Ohun tí ó di omi ni à ń dà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ lo dà fún idẹ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Kí ni ó wá fà á tí etí olùkọ́ bíi tèmi kò fi gba 'da irin'? Ìtàn ni ó fà á. Ní ayé àtijọ́, àwọn baba wa ń yọ irin lára òkúta nínú iná ìléru tí a fi amọ̀ mọ. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ ìwé ní 1904 lórí ibi ìyọrin kan tí ó rí nítòsí Ọ̀yọ́. Ohun tí ó ń ti inú irú iná bẹ́ẹ̀ jáde kì í ṣe omi irin. Ìṣù irin tí ó ṣì ní ìdàrọ́ lára ni. Lílù ni a ń lù ú kí ìdàrọ́ lè jáde, kí irin sì ṣù pọ̀. Irin pọ́ńbélé kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó dígíríì Celsius 1,538, iná wa kò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Idẹ àti bàbà ní tiwọn kì í le tó bẹ́ẹ̀ láti yọ́. Nítorí náà ni Ifẹ̀ fi ní àwọn orí tí a da idẹ àti bàbà ṣe, irú èyí tí wọ́n hú jáde ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, ṣùgbọ́n tí ìṣù irin ńlá ti Ògún Ládin tí ó wà ní ààfin Ọọ̀ni jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ tí ń rọ irin. Rọ bá irin lọ, dà bá idẹ lọ, èdè sì pa àṣà náà mọ́.

Ṣùgbọ́n irin tí a pò mọ́ èédú díẹ̀, bí ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kì í pẹ́ yọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ooru bíi 1,200 ti tó o. Irú irin yìí ni àwọn ajórin wa ń pè ní káàsì. Òun ni a fi ń ṣe wíìlì ẹ̀rọ ìlagi, ara ẹ̀rọ ìlọta, àti ìkòkò irin tí a fi ń se oúnjẹ àríyá. 'Da irin' kì í ṣe àṣìlò èdè rárá. Iṣẹ́ titun ni ó dé, èdè sì ti ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbà á.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan; ó wà nínú ara irin. A lè fi oúnjẹ ṣe àkàwé rẹ̀. Irin dídà dà bí ẹ̀kọ tí a dà sínú ewé. Bí ó ti bá ewé náà ni ó ń dì, kò sì sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan inú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá há sí i, ihò yóò wà níbẹ̀. Ti irin tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀yìn ni ó ń kọ́kọ́ tutù tí ó sì ń sún kì, nígbà tí inú ṣì gbóná. Inú náà yóò fẹ́ sún kì bí ó bá yá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ó ti le kò ní í jẹ́. Irin náà yóò wá máa fa ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn án. Irin rírọ ní tirẹ̀ dà bí iyán. Odó àti ọmọ odó ti wá gbogbo kókó inú rẹ̀ rí, wọ́n sì ti pa wọ́n. Àwọn hóró inú irin náà ti nà tẹ̀lé ìrísí ohun tí a rọ. Ìdí nìyí tí àdá fi ń tẹ̀ kí ó tó kán, tí ìkòkò káàsì sì ń sán láìkọ́kọ́ tẹ̀.

3.0 Ẹ̀rọ ìtẹ̀rin àti iṣẹ́ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ 'ẹ̀rọ ìtẹ̀wé' kò ṣe àjèjì sí wa. Bí èyí tí ń tẹ ìwé bá jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, a lè pe èyí tí ń tẹ irin ní ẹ̀rọ ìtẹ̀rin. Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ náà ni ó ń ṣe. Ó ní ibi tí a ń gbé irin lé ní ìsàlẹ̀, èyí ni owú rẹ̀. Ó ní ibi tí ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, èyí ni ọmọ owú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kì í lu irin. Ńṣe ni ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú agbára ńlá. Lílù kò lè wọ inú irin tí ó nípọn dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n títẹ̀ lè wọ̀ ọ́ dé inú. A ó gbẹ́ àwòrán ohun tí a fẹ́ sí inú mọ́ọ̀dù aláwẹ́ méjì, a ó fi awẹ́ kan sí ara owú, a ó fi èkejì sí ara ọmọ owú, a ó sì gbé irin gbígbóná sí àárín wọn. Bí àwọn awẹ́ náà bá pàdé, irin náà yóò ṣàn lọ sí gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yọ́.

Níbo ni agbára náà ti ń wá? Ẹni tí ó bá ti rí fọkanáísà tí ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ agbégi ti rí ìdáhùn. Blaise Pascal ti ilẹ̀ Faransé ni ó ṣàlàyé òfin rẹ̀ láyé ìgbà kan. Joseph Bramah ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tí ń lo òfin náà ní 1795. Bí a bá fi ipá ti omi tàbí òróró tí a sé mọ́ inú páìpù, ipá náà yóò tàn dé ibi gbogbo ní ọgbọọgba. Bí ojú páìpù kan bá fẹ̀ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju èkejì lọ, ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n kílò 10 ti èyí tí ó kéré yóò gba ìwọ̀n kílò 1,000 ní ojú èyí tí ó fẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Bí ti kékeré bá rìn ní ẹsẹ̀ bàtà 100, ti ńlá yóò rìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀rin ti pẹ́ ní ayé, ṣùgbọ́n ogun ni ó sọ ọ́ di òmìrán. Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Jámánì ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀rin tí agbára rẹ̀ tó 30,000 tọ́ọ̀nù. Wọ́n ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tẹ àwọn egungun ọkọ̀ òfuurufú ní odidi, dípò kí wọ́n máa kan irin wẹ́wẹ́ pọ̀. Nígbà tí ogun parí, ilẹ̀ Rọ́ṣíà kó èyí tí ó tóbi jù lọ, Amẹ́ríkà sì kó àwọn tí kò tó o. Èyí kó ìpayà bá ìjọba Amẹ́ríkà. Ní 1950, ẹ̀ka ológun òfuurufú wọn bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti kọ́ àwọn ẹ̀rọ ńlá tiwọn. Nígbà tí ètò náà parí ní 1957, ẹ̀rọ mẹ́wàá ni wọ́n kọ́, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ èyí tí ń tẹ irin sínú mọ́ọ̀dù. Owó tí gbogbo rẹ̀ jẹ jẹ́ mílíọ̀nù 279 dọ́là.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin wọ̀nyí ni èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Mesta, tí George Mesta dá sílẹ̀ ní 1898, tí ó wà ní West Homestead ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni ó ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Alcoa ni ó ń lò ó ní Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1955. Agbára rẹ̀ jẹ́ 50,000 tọ́ọ̀nù. Bí a bá to ọkọ̀ agbégi ẹgbẹ̀jọ, ìyẹn 1,600, lé ara wọn lórí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wúwo tó 30 tọ́ọ̀nù, wọn kò tí ì tó agbára tí ẹ̀rọ yìí fi ń tẹ irin ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè é ní Fifty. Ní 1981, ASME, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kà á mọ́ àwọn ohun mánigbàgbé nínú ìtàn iṣẹ́ ẹ̀rọ.

4.0 Ara tí a dà, iṣẹ́ tí ń rọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ rírọ àti dídà ti pàdé nìyí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ni láti rọ irin, ṣùgbọ́n ara òun fúnra rẹ̀, dídà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 87. Ẹsẹ̀ bàtà 36 nínú èyí wọ inú ilẹ̀ lọ, 51 sì wà lókè. Ó wúwo tó 8,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn ìtì irin tí ó para pọ̀ di owú rẹ̀ àti orí rẹ̀ tóbi débi pé kò sí ẹ̀rọ kan láyé tí ó lè rọ wọ́n. Ẹni tí yóò rọ irú irin bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀rọ tí ó tóbi ju ẹ̀rọ náà lọ, ta ni yóò sì rọ ti ìyẹn? Nítorí náà, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí a yọ́ irin, kí a dà á sínú iyanrìn tí a ti fi ṣe mọ́ọ̀dù, kí a sì ní sùúrù kí ó tutù. Irú ìtì bẹ́ẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú iyanrìn kí ó tó ṣeé hú. Bí a bá kánjú hú u, yóò sán.

A gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun kan níhìn-ín tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè. Bí ẹ̀rọ náà bá ń tẹ irin mọ́lẹ̀, ṣé kì í ṣe irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ni ìyà ń jẹ ni? Rárá o. Bí ọmọ owú ti ń ti irin sí ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti orí ẹ̀rọ sí òkè. Agbára tí ó ń tẹ iṣẹ́ náà ni ó ń fẹ́ fa ẹ̀rọ ya láàrin orí àti ìdí. Àwọn òpó irin gígùn ni ó di orí àti ìdí mú. Owú tí ó wà ní ìsàlẹ̀ sì ń tẹ̀ díẹ̀, bí afárá onígi ti ń tẹ̀ bí ọkọ̀ bá gùn ún. Bí pákó afárá bá tẹ̀, òkè rẹ̀ ń fún pọ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ń fà. Irin dídà lè fara da fífún pọ̀ dáadáa. Fífà ni kì í fẹ́. Nítorí náà, abẹ́ tàbí igun tí ojú kì í tètè tó ni ó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Kì í sì í ṣe ọjọ́ kan ni ó ń sán. Ọmọdé tí ó fẹ́ gé wáyà láìní ọ̀bẹ a máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn títí tí yóò fi já. Kò sí èyí tí ó tó já a nínú títẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe àkójọ ara wọn. A lè sọ pé agara ti dá irin náà. Yorùbá ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ń tẹ irin fún ohun tí ó ju 50 ọdún lọ ń lu ara òun náà lójú kan, ohun tí ó sì fà yọ níbẹ̀ ni sísán.

5.0 Àìsàn àti ìwòsàn rẹ̀

Ní 2008, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ Cleveland ti sán, wọ́n sì dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ kò kéré. Ilé-iṣẹ́ Mesta tí ó ṣe é ti wọ gbèsè, ó sì ti wó láti 1983. Ẹni tí a bá ra ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni à ń gbé e padà fún bí ó bá yẹ. Ti ẹ̀rọ yìí, alágbẹ̀dẹ rẹ̀ ti kú. Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí irin dídà ńlá bá sán mọ́ lọ́wọ́ jẹ́ mẹ́rin, a ó sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí a tó yan ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó sán dé. Obìnrin tí ó fẹ́ ra ìkòkò amọ̀ a máa fi ìka kàn án, a sì tẹ́tí sí i. Ìkòkò tí ó ti sán kì í dún bí èyí tí ó pé. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe fún irin kò yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n a rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọ inú irin, wọ́n a sì wo ibi tí ìró náà ti ń ta padà. Wọ́n tún lè da aró tí ó fúyẹ́ sí ojú irin, kí wọ́n nù ún kúrò, kí èyí tí ó ti wọ inú ibi tí ó sán sì jáde padà láti fi ibẹ̀ hàn.

(i) Jíjó. Èyí ni ajórin Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ṣe. Kì í ṣe pé káàsì kò ṣeé jó, ṣùgbọ́n èédú pọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí iná bá kàn tí ó sì yára tutù yóò le gan-an, kò ní í lè tẹ̀ mọ́. Bí ó ti ń tutù, yóò máa fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó ni ó ti tún ń sán, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wíìlì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí yóò jó o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yá gbogbo rẹ̀ nínú iná, kí ó lo ọ̀pá ìjórin tí ó yẹ fún un, kí ó sì bò ó mọ́lẹ̀ nínú eérú tàbí iyanrìn kí ó lè tutù díẹ̀díẹ̀. Èyí ṣeé ṣe fún wíìlì. Ìtì irin tí ó wúwo bí ọkọ̀ agbégi púpọ̀ ńkọ́? Iná wo ni a ó fi yá a?

(ii) Gígán. Bí igbá bá fọ́, a kì í fi iná jó o. A máa ń lu ojú méjèèjì, a sì ń fi okùn gán an. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn oníṣẹ́ kan ti ń gán irin dídà. Wọ́n a lu ihò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba orí ibi tí ó sán, wọ́n a sì fi irin tí ó rọ̀ dí i pa láìlo iná. Ó dára fún ibi tí fífà kò bá pọ̀ jù.

(iii) Pípààrọ̀. Èyí ni kí a da ìtì titun dípò èyí tí ó sán. Ọgbọ́n dídà òde òní sàn ju ti 1955 lọ. Láti nǹkan bíi 1948 ni a ti mọ̀ pé bí a bá fi mágínísíọ́mù díẹ̀ sí omi irin, èédú inú rẹ̀ kò ní í rí pẹlẹbẹ bí ewé mọ́. Yóò ṣù roboto bí hóró ọkà bàbà. Ibi tí ó rí pẹlẹbẹ ni irin ti ń ya. Ibi tí ó rí roboto kò fún sísán ní ọ̀nà. Irú irin dídà bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó sán.

(iv) Kíkọ̀ ọ́ sílẹ̀. Èyí ni kí a gé e, kí a sì tà á fún àwọn oníjákujàku irin.

Ọ̀nà kẹrin yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ní Cleveland. Ẹ̀rọ tí ó ju 50 ọdún lọ, tí ẹni tí ó ṣe é kò sí mọ́, kò ní í ṣòro láti kọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò pọ̀ láyé. Ẹ̀rọ 50,000 tọ́ọ̀nù kejì tí a kọ́ nínú ètò kan náà wà ní North Grafton ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní méjì tí agbára wọn tó 75,000 tọ́ọ̀nù. Ilẹ̀ Faransé ní èyí tí ó tó 65,000 ní Issoire. Ilẹ̀ Ṣáínà sì kọ́ ti 80,000 tọ́ọ̀nù lẹ́yìn náà. Egungun ọkọ̀ òfuurufú kò lè dúró de ẹni tí yóò kọ́ titun. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ náà yàn láti tún un ṣe. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 dọ́là ni wọ́n ná. Ẹ rántí pé mílíọ̀nù 279 ni ẹ̀rọ mẹ́wàá jẹ ní ìgbà tí dọ́là ṣì ní iyì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012, ẹ̀rọ náà padà sí ẹnu iṣẹ́, ó sì wà lára àwọn tí ń tẹ egungun ọkọ̀ òfuurufú ogun tí à ń pè ní F-35. Lẹ́yìn pípín tí Alcoa pín ní 2016, ó bọ́ sí ọwọ́ Arconic. Láti 2020 ni ilé-iṣẹ́ náà sì ti ń jẹ́ Howmet Aerospace.

6.0 Ohun tí ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú èyí. Ìdáhùn wa ni pé ẹ̀là lọ̀rọ̀. Bí a kò bá là á, kì í yé ni. Àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ìjórin, iṣẹ́ mẹkáníìkì àti iṣẹ́ ìlagi ní Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, èdè Yorùbá ni ọ̀gá wọn fi ń kọ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn jókòó ní kíláàsì wa rí. Bí a bá sọ fún wọn ní kíláàsì pé gbogbo irin ni à ń rọ, a ti gba ọ̀rọ̀ tí ó lè kìlọ̀ fún wọn kúrò lẹ́nu wọn. Ajórin tí ó bá ní 'rírọ' àti 'dídà' lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú èdè rẹ̀ yóò béèrè irú irin tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó tan iná.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ wa lápapọ̀ pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ Nigeria Machine Tools tí a dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1980 wà fún ṣíṣe irú ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀rọ mìíràn. Ajaokuta tí a bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970 kò tí ì yọ irin láti inú iná ńlá rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá gbérí ní irú ibi bẹ́ẹ̀ lọ́la, àwọn ọmọ tí yóò ṣe é wà ní kíláàsì wa lónìí. Nítorí náà ni a fi dá àbá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí:

(a) irin rírọ: irin tí a lù tàbí tí a tẹ̀ nígbà tí ó rọ̀ láìyọ́.
(b) irin dídà: irin tí a yọ́, tí a sì dà sínú mọ́ọ̀dù, káàsì jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.
(d) ẹ̀rọ ìtẹ̀rin: ẹ̀rọ tí ń fi agbára omi tàbí òróró tẹ irin.
(e) owú ẹ̀rọ àti ọmọ owú ẹ̀rọ: ibi tí a ń gbé iṣẹ́ lé, àti ibi tí ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ ẹ́.
(ẹ) mọ́ọ̀dù aláwẹ́ méjì: irin méjì tí a gbẹ́ inú wọn, tí ń pàdé láti fún iṣẹ́ ní ìrísí.
(f) agara irin: sísán tí ó ti ara títẹ̀ léraléra wá.
(g) gígán irin: dídí ojú sísán láìlo iná.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni kí a kọ́kọ́ bi nípa wọn. Bí wọ́n bá ní èyí tí ó dára jù, tiwọn ni kí a mú.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti fi hàn pé rọ àti dà kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì fún iṣẹ́ kan. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n dúró fún, irin tí ó sì ti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde ní ìwà tirẹ̀. Ìwà irin dídà ni ó mú kí ẹ̀rọ Cleveland sán lẹ́yìn ohun tí ó ju 50 ọdún lọ, òun náà ni ó mú kí wíìlì Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tún sán lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ní Cleveland, wọ́n yẹ irin wọn wò kí wọ́n tó yan ìwòsàn. Ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, alágbẹ̀dẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, wọn kò fetí sí i. Ọmọ kan kọ ọ́ sínú àròkọ, olùkọ́ fagi lé e.

Mo ti pe ọmọ náà padà. Mo gba ìwé rẹ̀, mo fagi lé ohun tí mo kọ sí etí rẹ̀, mo sì dá máàkì méjèèjì padà fún un.